Ríìmù àti táyà fún Hilux 2012: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó

omo_iseyin
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Hilux 2012 ni mo ń wà, 2.7 oní pẹtiróòlù, 4x4 rẹ̀ ṣì ń wọlé dáadáa. Ríìmù ínǹṣì 17 tó bá a wá ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, táyà 265/65R17 (fífẹ̀ ẹ̀ mílímítà 265, gíga rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn), àmọ́ méjì nínú ríìmù ọ̀hún ti tẹ̀, fọkanáísà ti fi òòlù lù ú títí ó ti sú òun gan-an, bí mo bá fẹ́ ẹ láàárọ̀ á ti rọ̀ kó tó di alẹ́. Pákí ni mo fi ń kó láti oko wa n'Ìsẹ́yìn lọ s'Ọ́yọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tó bá wá di Sátidé a fọ̀ ọ́, a gbé e lọ òde. Àbúrò ìyàwó mi ní kí n ra 20 oní kúróòmù, òun ti rí i n'Íbàdàn, ó ń dán bíi dígí. Ó wù mí, mi ò ní purọ́. Owó ọwọ́ mi ò ju 1.2m lọ, ríìmù àti táyà pọ̀. Kí ni kí n rà?

baba_taya_gate
Àbúrò, kú ìnáwó o. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta táyà ní Gate níbí, mo sì ń ta 20 yẹn náà, torí náà kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́, àmọ́ kì í ṣe ẹrù pákí ni wọ́n ṣe é fún. Wo táyà ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ yẹn: láti etí ríìmù dé ibi tó ti ń kan títì, rọ́bà tó wà níbẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 17. Bó o bá gbé 20 sí i, 265/50R20 ni wàá wá kí gíga ẹ̀ lè bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba, rọ́bà á wá ṣẹ́ku 13. Rọ́bà yẹn ló ń bá ríìmù jìyà kòtò. 17 tiẹ̀ ti tẹ̀, 20 wá ni kò ní tẹ̀? Dúró sí 17 jàre.

tacoma_houston
Bàbá ti sọ ọ́ tán. Ti ríìmù ni kí n fi kún un. Bóòtù mẹ́fà ni Hilux ń lò, 6x139.7 ni wọ́n ń kọ ọ́ (òbírí tí wọ́n to bóòtù sí fẹ̀ ní mílímítà 139.7), ihò àárín ẹ̀ 106 mílímítà, Tacoma, píkọ́ọ̀pù Toyota tí mò ń wà l'Amẹ́ríkà níbí, náà nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ará ibí ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ra Tacoma tuntun, wọ́n á yọ ríìmù tó bá a wá dànù kí wọ́n lè fi èyí tó jẹ wọ́n lójú sí i, òun ni kó o máa wá nínú ẹrù tòkunbọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n ta ti Tundra fún ẹ o, ti 2007 sí 2021, bóòtù márùn-ún ni, 5x150, àmì Toyota wà lójú ẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò lè wọlé láéláé. Tún yí ríìmù dojú dé, wo nọ́ńbà ET ẹ̀yìn ẹ̀, òun ló ń sọ bí ríìmù ṣe máa wọnú tàbí yọ síta tó. ET30 ló yẹ Hilux ẹ. Bí ìyẹn bá ti lọ sí 0 tàbí tó ní máínọ́ọ̀sì, táyà á yọ síta kọjá mọ́gáàdì, gbogbo ẹrẹ̀ á máa lọ sára ilẹ̀kùn, bíárìn á sì máa ké kó tó yẹ kó ké.

omo_iseyin
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ní kí n fi spacer sí i, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti ríìmù, pé ríìmù èyíkéyìí ló máa wọlé.

iya_ibeji_haulage
Spacer kẹ̀! Ọmọ mi, jọ̀ọ́ jókòó. Mẹ́káníìkì kan ló fi ìyẹn sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ní 2019, ẹrù bulọ́ọ̀kù ló wà níkùn ẹ̀, à ń gun òkè, mo kàn ń gbọ́ tó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, mo rò pé òkúta ló há sára táyà. Bóòtù mẹ́ta ló já lẹ́ẹ̀kan náà, táyà yí wọ inú gọ́tà, ọkọ̀ jókòó sórí dúrọ́ọ̀mù. Ọlọ́run ló yọ wá. Má fi spacer olówó pọ́ọ́kú kó ẹrù, ríìmù tó bá bóòtù ọkọ̀ rẹ mu gan-an ni kó o rà.

Ohun kejì, bó o bá fẹ́ ra táyà, mú tọ́ọ̀ṣì lọ. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí ẹ̀. 3518 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2018. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ sí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ yẹn dojú kọ ògiri. Mo ti rí táyà tí wọ́n fi ọṣẹ àti oje dúdú kùn tó ń dán yọ̀yọ̀, lọ́rà ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ọdún méje ló ti lò nínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi ò ní ra èyí tó ti ju ọdún 2 lọ.

alagbaro_saki
Ẹ kúuṣẹ́ o. Wọn ò tíì bi ẹ́ léèrè pé irú ọ̀nà wo ni oko yín. Bó bá jẹ́ amọ̀ pupa bíi tiwa l'Ókè Ògùn, lóṣù kẹsàn-án táyà H/T (ti títì ọ̀dà) tó tẹ́jú yẹn á kàn máa yọ̀ bí ọṣẹ, 4x4 ò ní gbà ẹ́. M/T (ti ẹrẹ̀) ni mò ń lò, eyín ẹ̀ ń tu amọ̀ dànù fúnra ẹ̀.

baba_taya_gate
M/T lórí títì láti Ìsẹ́yìn dé Ọ̀yọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀? Á máa hó bíi ẹ̀rọ ìlọta ni, títì ọ̀dà á sì jẹ eyín ẹ̀ tán kí ọdún tó yí. A/T (ti títì àti oko pọ̀) ni kó rà, ti Bridgestone, Dunlop, BFGoodrich, èyí tí owó ẹ̀ bá ká. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ẹrù, ẹ̀yin èèyàn kì í wo nọ́ńbà yẹn rárá. Lẹ́yìn 265/65R17 wàá rí 112, ìyẹn ni pé táyà kan lè gbé kílò 1120. Èyí tí wọ́n kọ LT (ti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) ṣíwájú ẹ̀ sábà máa ń tó 120 tàbí 121, 121 gbé 1450, àmọ́ ó fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó lè gbé e. Ẹni tó bá ra LT tó ń fẹ́ ẹ bíi ti Corolla, owó ló sọ nù.

alagbaro_saki
Bàbá, ẹ má bínú o, oko yín ò ṣáà sí ní Ṣakí 😄 Àmọ́ mo gbà, torí títì tó ń tọ̀ pọ̀ ju oko lọ. Kó kúkú mú 265/70R17, á gbé e sókè díẹ̀ kúrò lórí òkúta.

tacoma_houston
265/70 fi nǹkan bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju tiẹ̀ lọ, bí spidomítà bá ń pe 100, 103 ló ń sá. Kò burú, ṣùgbọ́n 2.7 tó ru pákí á máa wá jíà kékeré lórí òkè. Èmi á fi 265/65 sílẹ̀.

omo_iseyin
(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì) Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti rà á. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n rí mi mú o, wọ́n kọ́kọ́ gbé ríìmù Ford Ranger jáde, bóòtù mẹ́fà, 139.7 lóòótọ́, mo ti fẹ́ sanwó, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e sẹ́sẹ̀ mọ́tò ná. Kò wọlé! Ihò àárín ẹ̀ 93, họ́ọ̀bù tèmi 106. Ọmọkùnrin náà ní àwọn lè bá mi fi ẹ̀rọ fẹ ihò ẹ̀, mo ní kó fi ọwọ́ sọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn ìyẹn la rí ti Tacoma, 17, mẹ́rin pé, etí ọ̀kan ti họ díẹ̀. A/T 265/65 tuntun, nọ́ńbà ọdún ẹ̀ ò tíì pé ọdún kan. Mo ṣe bálánsì àti àláìmẹ́ǹtì, owó ṣẹ́ kù fún epo.

iya_ibeji_haulage
O káre. Nọ́ọ̀tì wo ni wọ́n fi dì í?

omo_iseyin
Ti tẹ́lẹ̀ náà ni mà, èyí tó ní wọ́ṣà pẹlẹbẹ lẹ́nu.

tacoma_houston
Ó dáa bẹ́ẹ̀, ríìmù Toyota ni, tiẹ̀ nìyẹn. Ká ní ríìmù ọjà ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló fẹ́ nọ́ọ̀tì tí ẹnu ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ẹni tó bá fi pẹlẹbẹ dì í, á máa tú lójú ọ̀nà. Tó o bá ti rìn tó kìlómítà 80 kó o tún fi sípánà dì í lẹ́ẹ̀kan sí i.

omo_iseyin
Mo ti dì í lánàá, méjì rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Pákí kún un dẹ́nu láàárọ̀ yìí, kò mì rárá. Àbúrò ìyàwó mi ni ò tíì dá mi lóhùn lórí WhatsApp.