Èsì sí "afẹ́wòrán": fẹ̀ ni, kì í ṣe fẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà yín tí ẹ fi ní kí á máa pe ínlájà, ẹ̀rọ tí oníṣẹ́ fọ́tò fi ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú fíìmù kọjá kí àwòrán rẹ̀ lè tóbi lórí ìwé, ní "ẹ̀rọ afẹ́wòrán", torí pé ìmọ́lẹ̀ ń ti ojú lẹ́ǹsì jáde bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ iná. Ẹ tún ní bí ẹnikẹ́ni bá fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é, kò bà á jẹ́. Ó bà á jẹ́, ẹ̀gbọ́n. Fẹ́ ìyàwó ló di fẹ́yàwó. Kí ni fẹ́wòrán yóò jẹ́ létí ọmọ Yorùbá?

Bí wọ́n ṣe ń fẹ títì ni ẹ̀rọ yẹn ń fẹ àwòrán. Fẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ ló ti ń bọ́ sí ohùn àárín. Tí ìpajẹ bá sì wáyé, tí fáwẹ̀lì "à" inú "àwòrán" bá pòórá, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á padà jókòó sórí "fẹ": afẹ̀wòrán.

Àbúrò ìyá mi fi fọ́tò fífọ̀ jẹun ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Mo máa ń dúró tì wọ́n lábẹ́ iná pupa. Wọ́n á ti tẹ fọ́tò 8x10 ínǹṣì tán, oníbàárà á ní 16x20 lòun ń fẹ́. Wọ́n á yí orí ínlájà gòkè, wọ́n á wá fi àtàǹpàkò rọra yí lẹ́ǹsì títí irun ìpéǹpéjú ìyàwó inú fọ́tò á fi yọ lórí pátákó, ní funfun, torí nẹ́gẹ́tíìfù ni, fíìmù tí dúdú ti di funfun, tí funfun ti di dúdú. Àwòrán ti fẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di bàìbàì: ìmọ́lẹ̀ ìwé kékeré ló ń tẹ́ orí ìlọ́po 4 rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 àkọ́kọ́ á di bí 40. "Ó fẹ̀, ó fẹ́lẹ́" ni wọ́n máa ń wí. "Asọwòrándińlá" tí ẹlòmíràn dá lábàá kò lè sọ ìyẹn fún wa láé.

Ẹni tó ní òun ń wá ínlájà tóun máa rà fún nẹ́gẹ́tíìfù 4x5, fẹ̀ yìí náà ni kó mú lò. Gíga ọ̀pá tó gbé orí ínlájà dúró kọ́ ni kó kọ́kọ́ wò. Ṣé orí rẹ̀ fẹ̀ tó kí ìmọ́lẹ̀ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ínlájà De Vere 504 gbà á, Durst 138 náà gbà á. Lẹ́ǹsì 50mm tí a ń lò fún fíìmù 35mm kò lè ká a, igun ò ní rí ìmọ́lẹ̀. 150mm ni kó wá. Kó sì tan gílóòbù rẹ̀ nínú òkùnkùn, kó wo awọ tó ń ká tó ń nà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, bóyá ó ti lu.

Ní ti "yàrá dúdú" tí ẹ tún fi pe ibi tí a ti ń fọ fọ́tò, n ò gbà. Ògiri ni dúdú ń sọ. Ẹfun ni àbúrò ìyá mi fi kun tiwọn, ó funfun báláú, òkùnkùn ló wà nínú ẹ̀. Yàrá òkùnkùn ni. Ẹ ní olùkọ́ yín ló fi "dúdú" kọ́ yín. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n fọ fọ́tò rí?