Colonoscopy: ṣé kókó lè wà nínú ìfun kí dókítà má rí i?

Àbúrò Obìnrin béèrè:
Mo kí gbogbo ilé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe colonoscopy, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ti kámẹ́rà gba ìdí wọ inú ìfun ńlá, nínú oṣù kan náà. Kì í ṣe pé nǹkan kan ń ṣe wá, ọjọ́ orí wa ló tó o. Wọ́n rí kókó mẹ́ta nínú ìfun ńlá ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì gé wọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí ohunkóhun nínú tèmi. Inú mi dùn, àmọ́ nígbà tí mo ka ìwé àbájáde wa, mo rí i pé ìṣẹ́jú 9 ni wọ́n fi fa kámẹ́rà jáde nínú tirẹ̀, ìṣẹ́jú 4 péré ni nínú tèmi. Ṣé ìyẹn já mọ́ nǹkan kan?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ fèsì:
Ó já mọ́ nǹkan. Nígbà tí kámẹ́rà ń wọlé, ọ̀nà ni dókítà ń wá, títí yóò fi dé ibi tí ìfun kékeré ti já sínú ìfun ńlá. Ìgbà tó bá ń fà á bọ̀ ni ó ń wo ara ìfun fínnífínní. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 fi hàn pé àwọn dókítà tó ń lo ìṣẹ́jú 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí fífà yìí ń rí kókó tó lè di jẹjẹrẹ lára àwọn ènìyàn tó ju ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń yára lọ. Láti 2024, ìṣẹ́jú 8 ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ìfun níbẹ̀ ń béèrè. Ẹ má kàn fi tiyín wé ti ẹ̀gbọ́n yín tààrà, nítorí gígé kókó mẹ́ta náà gba àkókò.

Lójú tèmi, ìmọ́tótó inú ló ṣáájú. Ẹni tó pín oògùn ìfọnú sí méjì, tó mu apá kan ní alẹ́ tó sì mu ìyókù ní òwúrọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, inú rẹ̀ sábà máa ń mọ́ ju ti ẹni tó mu gbogbo rẹ̀ lálẹ́ lọ. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ máàkì ìmọ́tótó sínú ìwé yín: apá mẹ́ta ni wọ́n ń pín ìfun sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 3, èyí tí kò bá sì tó 2, a kò lè fọkàn tán ohun tí wọ́n rí níbẹ̀.

Oníṣègùn Ìfun fèsì:
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Kókó tó yọ sókè bí olú kì í ṣòro rí. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí nǹkan yíyọ̀ bò mọ́lẹ̀ ní apá ọ̀tún, ni ó ń tàn wá jẹ, pẹ̀lú èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn ibi tí ara ìfun ti ká po. Ìdí nìyí tí àwa kan fi ń wo apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kọ̀ǹpútà tó ń yí àmì ká kókó lójú ẹ̀rọ tí a ń wò ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè rí ohun tí kámẹ́rà kò dojú kọ, kò sì lè fọ ìdọ̀tí.

Ọwọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́ pẹ̀lú. Ìwádìí ńlá kan ní 2014 rí i pé bí iye ènìyàn tí dókítà ń rí kókó tó lè di jẹjẹrẹ lára wọn bá fi ẹyọ 1 nínú 100 pọ̀ sí i, ewu pé jẹjẹrẹ yóò yọ lẹ́yìn àyẹ̀wò ń fi nǹkan bí 3 nínú 100 dín kù. Síbẹ̀, kókó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, ó sì ń pọ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó má sí kankan nínú tiyín lóòótọ́.

Àbúrò Obìnrin fèsì:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wò ó: 2 ni apá òsì, 2 ni àárín, 1 ni apá ọ̀tún.

Oníṣègùn Ìfun fèsì:
Pẹ̀lú 1 yẹn, ẹ má dúró di ọdún mẹ́wàá tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọn kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà padà lọ bá wọn, kí wọ́n tún un ṣe kí ọdún kan tó pé.