Ọmọ mi ń jí ìpara tí mò ń tà. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Bẹ̀nẹ̀, ni mo wà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ta ọṣẹ, lọ́fíńdà àti ìpara ní ọjà Ouando. Ká sọ òótọ́, ọṣẹ àti lọ́fíńdà kọ́ ló ń san owó ilé mi. Ìpara tó ń bóra ni, èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní bojou. Bí mo bá kó páálí mẹ́ta wálé lọ́jọ́ Ajé, kó tó di ọjọ́ Ẹtì ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi kò fi kan ara rí. Àwọ̀ ìyá mi ni mo gbé wáyé, mo dú, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àkọ́bí mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 14. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ka ọjà, ike méjì dín. Mo fi ẹ̀sùn kan ọmọ tó ń bá mi tajà, mo bú u débi pé ó sunkún. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí ike náà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ tèmi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń pọ́n, abẹ́ ojú rẹ̀ ń ṣí bí awọ àlùbọ́sà. Ó ní àwọn ọmọkùnrin kíláàsì àwọn ń pe òun ní Ìdí Ìkòkò.

Mo gbaná jẹ. Mo ní, "Àwọ̀ tí Ọlọ́run fún ọ, kí ló burú nínú rẹ̀?" Ó wò mí, ó ní, "Màmá, bí kò bá burú, kí ló dé tí ẹ̀ ń ta oògùn rẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà n kò tíì rí èsì fún un. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ní kí n kó ọjà dà sínú omi, kó rántí pé owó àjọ ni mo fi rà á, èmi nìkan ni mo sì ń tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Àbúrò mi, n kò ní bú ọ. Irú wa ló ń jẹ́ kí ọjà yín tà. Ọdún 12 ni mo fi para. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí mi, awọ ikùn mi ti fẹ́lẹ́ débi pé bí wọ́n ti ń rán an ló ń ya. Ó lé ní oṣù méjì kí ojú rẹ̀ tó jiná. Òórùn tó ń ti ibẹ̀ jáde, mi ò ní sọ ọ́ níbí. Títí di òní, ojú mi pọ́n, oríkèé ìka mi dú bí èédú. Mú ọmọ náà wá sí Kétu bí wọ́n bá gba ìsinmi, kí n fi ọwọ́ mi hàn án. N kò ní wàásù fún un.

Bàbá Àlàbí, Sákété:
Kí ó dá àwọn ọmọkùnrin yẹn lóhùn pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde! Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, ojú ọkùnrin, apọ́nbéporẹ́ ló kọ́kọ́ ń rí.

Adúmáadán Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ fi ọ̀tún fún ọmọ ní ẹ̀kọ, ẹ fi òsì gbà á padà. Ojú tiyín lẹ sọ, ẹ má fi ti gbogbo ọkùnrin kún un. Àwọn àgbà ní funfun niyì eyín. Wọ́n dárúkọ eyín, wọ́n dárúkọ ọrùn, wọ́n dárúkọ ọmú pàápàá. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ní funfun niyì awọ. Ẹni tó pọ́n, wọ́n kì í. Ẹni tó dú bí kóró iṣin, wọ́n kì í. Ẹni tó bóra nìkan ni n kò tíì gbọ́ oríkì tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan, Àjàṣẹ́:
Ẹ jẹ́ ká fi oríkì sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá, ẹ yí ike náà padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá rí clobetasol propionate, oògùn àìsàn awọ nìyẹn, dókítà ló yẹ kó kọ ọ́ fúnni. Òun ló ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti Ìyá Ìbejì, bó bá sì wọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Bó bá jẹ́ mercury tàbí calomel, tí òun náà ní mercury nínú, kíndìnrín ló ń bá jà. Hydroquinone, kẹ́míkà mìíràn tó ń bóra, ńkọ́? Bó bá pẹ́ lára, ó lè sọ ojú di dúdú bí aṣọ aró, ohun tí ẹni náà ń sá fún gan-an. Láti 2001 ni Yúróòpù ti lé e kúrò nínú ìpara tí wọ́n ń tà lọ́jà. Àwọn tí à ń fẹ́ fi awọ jọ kò jẹ́ kí ara wọn fi para.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ: iye sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ lára òyìnbó àti lára wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tiwa ló ń ṣiṣẹ́ jù, ó sì ń gba oòrùn dúró fún wa.

Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó ti ń lò ó? Bó bá ti pẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ.

Ìyá Olórí, Ṣábẹ̀ẹ́:
Òrí ni mo ń tà jẹun, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ta bojou rí. Mo fi òrí, àdí, osùn àti ọṣẹ dúdú rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò ní parọ́, èrè rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀, ọdún àkọ́kọ́ le. Bóyá kí o ta èyí tó wà nílẹ̀ tán, kí o fi san àjọ, kí o má sì kó òmíràn.

Adúmáadán Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ta ni yóò ra èyí tó wà nílẹ̀?

Ìyá Olórí, Ṣábẹ̀ẹ́:
Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n alájọ kò ní bi í léèrè ọmọ ta ni.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní òun ti ń fi para. Ọjọ́rú la máa lọ rí dókítà.

Èmi àti ọmọ mi jọ yí ike padà lóru, òun ló ń kà, torí ojú mi kò gbé lẹ́tà kékeré mọ́. Nínú irú 11 tí mo ń tà, méje ní clobetasol. Mo gbé méje náà kúrò lórí àtẹ. Oníbàárà mi tó ń kó o fún mi ní òun lè gba páálí tí n kò tíì tú padà, ní ìdajì owó. Mo gbà. Mẹ́rin tó kù, n kò tíì mọ ohun tí màá fi wọ́n ṣe, ẹ má bi mí.

Mo bẹ ọmọ tó ń bá mi tajà. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kò tíì máa bá mi ṣeré bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi ní òun máa wá. Ó béèrè bóyá lóòótọ́ lẹ máa jẹ́ kí òun wo ọwọ́ yín.