Owó tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ta klíníìkì lọ́rẹ torí fáìlì orí kọ̀ǹpútà: kí lojú yín rí?

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nídìí iṣẹ́ ìlera ní Amẹ́ríkà láyé Obama, ẹ wá gbọ́, kẹ́ ẹ sì sọ tiyín. Ẹ rántí òfin HITECH ti 2009 yẹn, tí wọ́n ní dókítà tó bá kúrò nídìí fáìlì bébà tó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà máa gbowó. Èmi ni mò ń bójú tó ọ́fíìsì klíníìkì kékeré kan ní Houston nígbà yẹn, dókítà kan ṣoṣo ló ni ín, ọmọ Ìjẹ̀bú (ẹ má bínú o, ẹ ṣáà mọ ohun tí mo fẹ́ sọ). Bó ṣe gbọ́ pé Medicaid (ètò ìlera ìjọba fún àwọn tówó ò tó lọ́wọ́ wọn) máa san $63,750 láàárín ọdún mẹ́fà, ó ní "Ìyá Ìbejì, kí la wá ń dúró dè?"

Ọdún kìíní rọrùn bí ẹní fẹran jẹ̀kọ, $21,250. Wọn ò tiẹ̀ bi wá bóyá a ti ń lò ó, tá a bá ṣáà ti ra sọ́fútíwià tí ìjọba fọwọ́ sí, tá a ní rìsíìtì àti ìwé àdéhùn, tí ìdá 30 nínú 100 àwọn aláìsàn wa sì jẹ́ ti Medicaid. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti fẹ́ bẹ́. Ọmọkùnrin tó wá ta ọjà fún wa búra pé tiwọn ti gba sàtífíkéètì, mo ní kò burú, mo wọ orí lísìtì tí ìjọba gbé síta, mo bá orúkọ iléeṣẹ́ wọn níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà vàṣọ̀n tó fẹ́ tà fún wa kọ́ ló wà níbẹ̀, ti àtijọ́ ló kó wá. Dókítà ń jágbe mọ́ mi pé mò ń fi nǹkan falẹ̀. Mo ní sà, ẹ jágbe, mi ò ní tẹ̀ ẹ́ fún ìjọba pé a ti ra èyí tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ọdún kejì ni wọ́n tó ní ká fi hàn pé à ń lò ó, fún 90 ọjọ́. Nínú ohun tí wọ́n ń kà ni kí ó ju ìdajì àwọn aláìsàn tó ti tó ọdún 13 lọ tá a ti bi bóyá wọ́n ń mu sìgá. Mo wá bi màmá kan, díákónẹ́ẹ̀sì ni o, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ máa ń mu sìgá? Màmá wò mí látòkè délẹ̀. "Èmi? Ṣé ẹnu mi ń rùn ni?" Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ò fi dáhùn ìkíni mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tún ní ká máa fún aláìsàn ní àkọsílẹ̀ ohun tí dókítà bá a sọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ní ká sinmi bébà la wá ń fi tẹ bébà jáde látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, lẹ́tà ọ́díìtì dé, ìjọba fẹ́ yẹ ìwé wa wò. A sì ti pààrọ̀ sọ́fútíwià nígbà yẹn, torí àwọn tá a rà lọ́wọ́ wọn kọ́kọ́ ò rí sàtífíkéètì tuntun ti 2014 gbà, wọ́n sì ti tilẹ̀kùn àwọn fáìlì àtijọ́ mọ́ wa. Ohun tó yọ wá ni àwọn screenshot tó ní déètì lára tí mo ti tẹ̀ jáde, mo kó wọn sínú páálí Indomie lábẹ́ tábìlì.

Nọ́ọ̀sì Abẹ̀kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ àǹtí. Tèmi ń dùn mí dòní. Medicare (ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbà) ò ka àwa nurse practitioner (nọ́ọ̀sì tó lè yẹ aláìsàn wò kó sì kọ oògùn) sí, Medicaid nìkan ló san fún wa. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibì kan wọ́n kó bébà jọ síwájú mi pé kí n máa sáìn, mo ń sáìn bí ẹni tí wọ́n ń lé, àṣé ìwé pé mo yọ̀ǹda owó ìjọba tèmi fún klíníìkì wà láàárín ẹ̀. Òfin ní tinútinú lèèyàn á fi yọ̀ǹda o. Ìgbà tí mo débi iṣẹ́ tuntun tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ni mo tó rí i pé wọ́n ti gba $21,250 lórí nọ́ńbà mi, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wọ́n ń san ìyẹn. Ó wá ku $8,500 lọ́dún. Kérésì ọdún tí wọ́n gba owó yẹn, wọ́n fún mi ní gift card $50, mo tún dọ̀bálẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́!

Kúnlé Oníkọ̀ǹpútà

Àǹtí Abẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o, hàáà.

Dókítà ọkàn kan tí mo bá ṣiṣẹ́ gba $18,000 lọ́dọ̀ Medicare lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ́díìtì dé, gbogbo nǹkan pé, àfi ìwé àyẹ̀wò ibi tí olè ti lè jí fáìlì aláìsàn. Ó ti tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" síbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ó ní ṣé kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ò tó ni. Gbogbo $18,000 ló dá padà, kì í ṣe díẹ̀ níbẹ̀, torí ẹni tó bá já kan ti já gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó ń ta sọ́fútíwià náà ò gbẹ́yìn o. 2017, iléeṣẹ́ eClinicalWorks tó ń ta á (àwọn kọ́ ló ta ti dókítà yìí) gbà láti san $155 million, ìjọba fẹ̀sùn kàn wọ́n pé oògùn 16 tí ìdánwò máa bèèrè nìkan ni wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ kí wọ́n lè yege. Ẹ̀sùn ni ṣá, kóòtù ò dá wọn lẹ́bi.

Bàbá Baltimore

Mi ò gba kọ́bọ̀ wọn. 2015 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé 1% nínú owó Medicare mi torí bébà ni mo ṣì ń lò, mo ní ẹ máa gé e. Bébà mi ò já íntánẹ́ẹ̀tì rí.

Ìyá Ìbejì Houston

Bàbá, ẹ ẹ̀ ní pa mí lẹ́rìn-ín 😂. Abẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí wọnú eegun. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ní ká tọ́jú àwọn ìwé yẹn, ó ti pé tipẹ́, dókítà mi gan-an ti fẹ̀yìn tì. Páálí Indomie ṣì wà nínú gàráàjì mi. Ọkọ mi ní kí n gbé e jù nù, mo ní kò séwu, ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀.