Kí ni mo lè ṣe kí aró àdìrẹ má ràn mọ́ aṣọ tábìlì?

Ẹ kú ilé o. Tábìlì ènìyàn 6 ni mo fẹ́ tẹ́ ní Maryland ní Amẹ́ríkà níparí oṣù September, nígbà tí ooru ń lọ tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Aṣọ funfun ló wà nísàlẹ̀, àdìrẹ tóóró gba àárín kọjá, elégédé kéékèèké 3, òdòdó tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ kí àlejò lè máa rí ojú ara wọn.

Aró ni ìṣòro. Mo fi omi tútù ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo rẹ ẹ́ sómi iyọ̀ (iyọ̀ kì í kúkú di aró ẹ̀lú mú). Síbẹ̀, bí omi ara ife bá kán sí i, á ràn mọ́ funfun. Mo lè tẹ́ ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) sábẹ́ àdìrẹ náà, àmọ́ kò dùn ún wò.

Báwo ni mo ṣe lè dá aró náà dúró? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.