Sanguine ni mí ni, àbí melancholy? Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kàbà ni mo wà, aṣọ ni mo ń rán. Ní kíláàsì àwa tá a fẹ́ ṣègbéyàwó ní ìjọ wa, wọ́n pín ìwé ìbéèrè fún wa ká fi mọ irú ẹni tá a jẹ́: sanguine tó lọ́yàyà, choleric tó fẹ́ máa darí, melancholy aláròjinlẹ̀, phlegmatic tí kì í kánjú. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló so wọ́n mọ́ ẹ̀jẹ̀, oríṣi òróòro méjì àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀. (Ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.)

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, pé ọ̀kan á ṣíwájú, òmíràn á tẹ̀ lé e. Tèmi wá dọ́gba! Ní ṣọ́ọ̀bù, mo lè bá oníbàárà ṣàwàdà títí yóò fi gbàgbé ṣéńjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú rírán apá aṣọ bá wọ́ díẹ̀ báyìí, màá tú gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ òru, ẹ má sì wá kí mi nígbà yẹn. Àfẹ́sọ́nà mi ní choleric ni mí, torí pé mo gba iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà, mo bá a ná an.

Ṣé ìwà àbínibí ni títú aṣọ yìí, àbí rúlà ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fà á? Ṣé bí mo ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ni kí n fi dáhùn, àbí bí mo ṣe ń ṣe nílé? Àbí kí n ní kí ìyá mi bá mi dáhùn rẹ̀? Ọjọ́ Àìkú la máa dá a padà.