Mo fẹ́ bá ọ̀rẹ́ mi lọ sí Rameswaram, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹ̀gbá, Birmingham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo ń wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé Íńdíà tàbí tó ti dé ibẹ̀ rí. Ọmọ Tamil kan, ẹ̀yà kan ní gúúsù Íńdíà, wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọdún kẹfà wa rèé. Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fẹ́ lọ ṣe ètùtù fún bàbá náà ní Rameswaram, ìlú tẹ́ńpìlì àwọn Híńdù kan níbẹ̀, lóṣù Kìíní, ó sì ní kí n bá àwọn lọ. Nígbà tí ìyá tèmi kú, ọkùnrin yìí ló bá mi ṣe iṣẹ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n lè lọ sin wọ́n. N kò lè sọ pé n kò lọ. Àmọ́ onígbàgbọ́ ni mí, n kò wọ tẹ́ńpìlì Híńdù rí. Kí ni wọ́n máa retí lọ́wọ́ mi? Ṣé wọ́n máa fá orí mi? Aṣọ wo ni kí n kó dání? Abẹ́òkúta ni màá ti ṣe Kérésì, láti Èkó ni màá ti wọ bàálù lọ pàdé wọn.

Ìyá Ìbejì, Chennai

Àbúrò mi, kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọlọ́run á jẹ́ kó jìnnà síra. Ọdún kọkànlá mi rèé ní Chennai, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé Rameswaram, ìkejì sì jẹ́ irú èyí tí ìwọ náà ń bá lọ yìí gan-an: ìyàwó onílé wa ló lọ ṣe é fún ọkọ rẹ̀ tó kú.

Kò sẹ́ni tó máa fá orí rẹ. Ọmọkùnrin olóògbé ló ń fárí. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o dúró tì wọ́n, kí o di aṣọ gbígbẹ mú, kí o sì fa ìyá àgbà lọ́wọ́, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀ gan-an.

Ó yẹ kí o mọ ìdí tí wọ́n fi ń lọ síbẹ̀, nítorí kò sí igun kan tí kò ní ìtàn nínú ìlú náà. Erékùṣù ni Rameswaram, ó wà ní etí ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ó kọjú sí Sri Lanka. Nínú Ramayana, ìtàn àtijọ́ àwọn Híńdù, Ravana ọba Lanka jí Sita, ìyàwó Rama, gbé lọ. Rama kó ogun ọ̀bọ jọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti to òkúta sójú òkun tó fi di afárá dé Lanka. Àwọn Tamil máa ń sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá bá wọn ru iyanrìn, pé Rama fi ìka mẹ́ta pa á lẹ́yìn láti fi dúpẹ́, àti pé ibẹ̀ ni ìlà mẹ́ta ẹ̀yìn ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ yìí ti wá. O máa rí wọn lórí igi. Wo ẹ̀yìn wọn dáadáa.

Nígbà tí Rama pa Ravana tán, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, torí ọmọ Brahmin, ìdílé àlùfáà, ni Ravana. Ó fẹ́ wẹ ẹ̀jẹ̀ náà nù níwájú Shiva, òrìṣà ńlá wọn. Ó rán Hanuman, balógun ọ̀bọ, lọ sí òkè Kailash lọ́hùn-ún, kó lọ gbé òkúta ìbọ Shiva tí wọ́n ń pè ní lingam wá. Hanuman pẹ́. Àkókò ètùtù ń kọjá lọ, ni Sita bá fi iyanrìn etíkun mọ ọ̀kan, òun sì ni wọ́n lò. Ìgbà tí Hanuman dé tòun ti òkúta rẹ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́. Rama wá pàṣẹ pé ti Hanuman ni kí wọ́n máa kọ́kọ́ bọ kí wọ́n tó bọ ti Sita. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é di òní olónìí. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn ju gbogbo ìtàn náà lọ.

O rí i pé ibi ìwẹ̀nùmọ́ ni ìlú náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ọ̀ràn òkú wọn lọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń bu iyanrìn etíkun náà lọ dà sínú odò Ganga ní àríwá, wọ́n á sì pọn omi Ganga padà wá sí Rameswaram kí wọ́n dà á sórí lingam.

Agni Theertham ni wọ́n ń pe etíkun tó kọjú sí tẹ́ńpìlì. Òkun ibẹ̀ kò ní ìgbì tó le, ó tòrò bí ọ̀sà. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ la débẹ̀. Àlùfáà tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí ọmọkùnrin onílé wa tó kú náà po ìrẹsì sísè mọ́ yànmọtí dúdú, kó mọ ọ́n ní roboto roboto. Wọ́n ń pe orúkọ bàbá, wọ́n pe ti bàbá bàbá, wọ́n tún ní kó pe ti bàbá tó bí bàbá bàbá. Ìran mẹ́ta ni wọ́n ń pè. Ọkùnrin tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, orí rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ń dán, kò rántí orúkọ kẹta. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí. Bó ṣe pe orúkọ náà tán ló bú sẹ́kún. Èmi tí mo dúró sẹ́yìn, mo ń wá orúkọ bàbá tó bí bàbá bàbá tèmi nínú orí mi, n kò rí i. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe àbúrò bàbá mi ní Ìlá, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi.

Nítorí náà, ohun tí mo máa bẹ̀ ọ́ jù lọ rèé: má ya fọ́tò ní etíkun náà. Wàá rí àwọn tó ń ya fọ́tò àwọn elétùtù bí ẹni ń wòran. Ilé ọ̀fọ̀ ni o wà, àní bí kò tilẹ̀ ní ògiri.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Madurai

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Madurai ni mo wà, kìlómítà bí 170 sí Rameswaram, ọkọ̀ ojú irin sì máa ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ Chennai ni ẹ bà sí, ọkọ̀ alẹ́ wà láti ibùdókọ̀ Egmore tó ń dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdílé ọ̀rẹ́ yín ra tíkẹ́ẹ̀tì yín pọ̀ mọ́ tiwọn, kí ẹ lè jọ wà nínú yàrá kan. Ọkọ̀ máa ń kún láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ọjọ́ Amavasai tóṣù bá kú sì tún burú jù, pàápàá ti oṣù Thai tó máa ń bọ́ sí oṣù Kìíní tàbí Ìkejì. Ẹ bi wọ́n bóyá ọjọ́ yẹn ni wọ́n mú.

Tẹ́ ẹ bá kọjá lórí afárá Pamban, tó so erékùṣù náà mọ́ ilẹ̀, ẹ dìde lórí ibùsùn. Ti àtijọ́, ọdún 1914 ni wọ́n ṣí i, ipata sì jẹ ẹ́. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró lórí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2022. Tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹrin 2025, àárín rẹ̀ máa ń gbéra sókè gbọnrangandan kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá lábẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí òkun lọ́tùn-ún lósì nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló ṣe pàtàkì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo dé. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí mo ti san owó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àwọn kì í gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè. Mo jókòó sórí báàgì mi níta, mo rò pé àwọ̀ mi ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òfin Íńdíà ní kí òtẹ́ẹ̀lì fi orúkọ àlejò òkèèrè ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín wákàtí 24, àti pé àwọn kéékèèké mìíràn kò ní ètò rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín fi èdè Tamil pè wọ́n ṣáájú, kó béèrè bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ ní fọ́tòkọ́pì ojú ìwé páṣípọ́ọ̀tù àti físà bíi mẹ́rin dání. Wọ́n tún máa béèrè rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra síìmù.

Kí ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní Èkó lẹ ti ń bọ̀. Íńdíà kì í fi ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ṣeré fún ẹni tó ti ilẹ̀ wa dé. Wọ́n lè há èèyàn mọ́ ibì kan fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó sì gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà kó tó ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń ronú láti gbà á lẹ́yìn Kérésì, ẹ yára ka ọjọ́ yín.

Àlhájà, Leicester

Ọmọ mi, Mùsùlùmí ni mí, aládùúgbò mi tó jẹ́ Híńdù ló mú mi lọ. Àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn kì í wọ inú lọ́hùn-ún níbi tí lingam wà. Wọ́n bi mí lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ òótọ́. Wọn ò jágbe mọ́ mi, wọ́n fi ibi tí mo lè dé hàn mí. Àwọn kan á ní kí o fi àmì síwájú orí, kí o ní Híńdù ni ọ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú ọ wá ni ìtìjú máa bá.

Ibi tí wọ́n gbà mí láyè tó mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ńpìlì náà gùn débi pé n kò rí òpin rẹ̀, òpó òkúta tò lọ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ní ó lé ní 1,200, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀dà aláràbarà lókè. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń fà tẹ̀súbáà mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó dà mí láàmú.

Ẹ tún rántí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí A.P.J. Abdul Kalam ní 1931, tó padà di ààrẹ Íńdíà. Ìdílé Mùsùlùmí ni. Bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi, àwọn Híńdù tó ń bọ̀ wá jọ́sìn ló ń tù kọjá láàárín Rameswaram àti Dhanushkodi tó wà ní òpin erékùṣù náà. Ilé ìrántí tí wọ́n kọ́ fún un wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró kí n wọlé, mo sì ṣe àdúà fún un.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Birmingham

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Àlhájà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi tún sọ̀rọ̀ kànga méjìlélógún. Ṣé èmi náà máa wẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Chennai

Kànga méjìlélógún wà nínú ọgbà tẹ́ńpìlì, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti wẹ̀ nínú òkun tán, wọ́n á máa ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn nínú aṣọ tútù. Ọkùnrin kan máa ń dúró sétí kànga, á ju garawa kékeré tó so mọ́ okùn sísàlẹ̀, á fà á sókè, á sì da omi lé wọn lórí. Omi náà tutù, ìyá onílé wa ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi kò wẹ̀. Mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ọ̀rá tí aṣọ gbígbẹ wà nínú rẹ̀, mo dì í mú lápá, torí omi ti bo gbogbo ilẹ̀ òkúta náà, ẹsẹ̀ òfo sì ni gbogbo èèyàn wà. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọ inú ibi mímọ́ pẹ̀lú aṣọ tútù, nítorí náà ẹni tó di aṣọ gbígbẹ mú níṣẹ́ gidi. Bí ìwọ bá fẹ́ wẹ̀, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó bá ọ béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Fi bàtà àti fóònù sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Láti oṣù Kejìlá 2022 ni ilé ẹjọ́ gíga Madras ti ní kí wọ́n má mú fóònù wọ tẹ́ńpìlì ní Tamil Nadu mọ́, ìlà ibi ìfipamọ́ sì máa ń gùn. Bùbá àti ṣòkòtò tìrẹ ti tó, kó ṣáà má jẹ́ ṣòkòtò péńpé. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń fúnni, òun ni wọ́n fi ń gbà, bíi tiwa. Tí o bá pàdé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ, pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, kí o ní "vanakkam". Bí o bá sì tẹríba gidi fún un, á yé e, torí àwọn náà máa ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà. Kó owó rùpíì kéékèèké dání fún kẹ̀kẹ́ Márúwá, auto ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Káàdì wa kì í sábà ṣiṣẹ́ fún ìyẹn. Oúnjẹ kò ní wàhálà: ìdlì, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà wọn tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n jẹ́ kó kan kí wọ́n tó gbé e kaná, wàá gbádùn rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ gbígbóná. Má retí ẹran nítòsí tẹ́ńpìlì.

Tí ètùtù bá parí, ní kí wọ́n mú ọ dé Dhanushkodi, níbi tí erékùṣù náà ti tín-ín-rín títí tó fi tán sínú òkun. Ìlú tó ní ibùdókọ̀ reluwé ni tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1964 ni ìjì òkun gbá a lọ lóru, ó gbé ọkọ̀ ojú irin tòun ti èrò tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ṣì dúró síbẹ̀ láìní òrùlé. Àwọn apẹja tó ṣẹ́kù ń gbé inú ahéré. Obìnrin kan tó ń ta ìkarahun mú mi lọ sẹ́yìn ahéré rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbẹ́ iyanrìn díẹ̀, omi sun, ó bù ú fún mi. Mo tọ́ ọ wò, kò ní iyọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òkun wà níwájú, ó wà lẹ́yìn. Ẹ má wẹ̀ lókun níbẹ̀ o, omi ń fà. Kí ẹ sì ti kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́pàá máa ń lé èèyàn padà.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Birmingham

Mà, ẹ ṣé, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti gba abẹ́rẹ́ náà, káàdì wà lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè kan ló kù: kí ni kí n mú lọ fún ìyá rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Chennai

Èso, àti tàwọ́ọ̀lù ńlá méjì. Fún un ní èso nílé. Tàwọ́ọ̀lù, fi sínú báàgì rẹ títí wọ́n á fi dé kànga kejìlélógún.